Orin Tí Mo Fi Bú Orogún Mi, àti Ìwé Lọ́yà Tó Dé Bá Ọ

Kúdíráátù ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ohun tí mo jẹ ọ́. Kúlà aláwọ̀ búlúù tí o fi sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nígbà tí ẹ ń kó ẹrù lọ sí Abẹ́òkúta, èmi ni mo yọ ọ́ lò níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Rìsíkátù. Ẹnì kan jókòó lé ìdérí rẹ̀, ó sì là sí méjì. O bi mí nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Kúlà tuntun ni dẹ́rẹ́bà tó gbé lẹ́tà yìí wá ń gbé bọ̀ fún ọ. Ó fẹjú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Má fún dẹ́rẹ́bà ní kọ́bọ̀, mo ti san án fún un ní Apọ́ngbọ̀n kó tó gbéra. Ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́fà tí mo tún yá lọ́wọ́ rẹ wà nínú rẹ̀, kà wọ́n. Ó parí. Mi ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan mọ́, nítorí náà ẹnu ẹni tí kò jẹ gbèsè ni mo fi ń sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Wàyí, mo kí ọ. Kí àlàáfíà Olúwa máa bá ìwọ àti Nùrúdéènì gbé nínú ilé yín. Oṣù mẹ́rin péré lẹ ṣe ìyàwó, mo sì mọ̀ pé ilé tuntun a máa gba àkókò ẹni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bínú pé o kì í pè mí. Irọ́ ni mo pa níbẹ̀ yẹn. Mo bínú.

Bírò ni mo fi ń kọ èyí, torí pé bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà," o ò sì ní pè. Lẹ́tà kò ṣeé pa lẹ́nu mọ́. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, bóyá lẹ́ẹ̀kan yìí náà ni màá sì kọ irú èyí láyé mi, nítorí náà jókòó kí o kà á tán.

Mo ti gbọ́ nípa ìwé lọ́yà. Kì í ṣe lẹ́nu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣa bọ́tìnì funfun kúrò lára àwọn tó pọ́n díẹ̀, torí wọ́n ti dàpọ̀ nínú àpò. Mòrílíátù orogún mi yọ sí mi, fóònù lọ́wọ́.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, Kudi ní kí n má sọ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá a gbé."

"Kudi wo?"

"Kudi yín."

"Tèmi? Mo rò pé tìẹ ni. Ṣebí ìwọ ló máa ń pè."

Kò fèsì sí ìyẹn. Kì í fèsì sí irú ẹ̀. Bó ṣe máa ń borí mi nìyẹn. Ó jókòó tì mí, ó tẹ fóònù, mo sì gbọ́ ohùn rẹ, èyí tí o sọ sí gúrúùpù Wasáàpù àwọn ìyàwó àdúgbò yín, tí o sì fi ránṣẹ́ sí i: "Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ ṣọ́ra o. Aránṣọ iwájú mọ́sálásí yẹn, bí ẹ bá fún un ní yáàdì márùn-ún, mẹ́rin ló máa rán, á jí ọ̀kan. Bó ṣe ṣe aṣọ ọkọ mi nìyẹn. Olè tó mọ abẹ́rẹ́ lò ni." O wá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Tèmi ni. Ohun tí ewúrẹ́ bá jẹ lọ́mọ rẹ̀ ń jẹ.

Lẹ́yìn náà ó ka ìwé lọ́yà fún mi. Òyìnbó inú rẹ̀ ga ju ìwé kẹfà lọ. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ ẹ̀, bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ. Bùsọ́lá aránṣọ ní o ba òun lórúkọ jẹ́ nídìí iṣẹ́ òun. Ó ní àwọn oníbàárà ti wá kó aṣọ wọn tí òun kò tíì gé. Ó fún ọ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ níwájú gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòtù. Ọjọ́ mẹ́rìnlá náà pé ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí.

Mo bi Mòrílíátù pé kí lo wí sí i. Ó ní o kọ ọ́ sí òun pé, "Àǹtí, kí ló kàn án nínú ẹ̀? Mi ò kúkú dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Bọ́tìnì tú dà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú mi, kó má baà máa yọjú láàárín ìmọ̀ràn.

Èmi ni mo bí ọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi rọbí rẹ. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí Ìdúmọ̀tà lójoojúmọ́, tí orí rẹ ń gbá mi lẹ́yìn bí mo ṣe ń ka síìpù fún oníbàárà. Ìwé lọ́yà àkọ́kọ́ láyé rẹ dé, o ya fọ́tò rẹ̀, o wá ẹni tí wàá fi ránṣẹ́ sí, o fo orúkọ mi, o tẹ orúkọ Mòrílíátù. O tún wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o, wọ́n á pariwo." Mo kà á fúnra mi. Yorùbá lo fi kọ ìyẹn, mi ò nílò ògbufọ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá ẹni ńkọ́, ṣé a lè fi ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ sídìí orogún rẹ̀?

Ó tó. Mo ti sọ ọ́. Jẹ́ kí a lọ sórí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí bàbá yín, kí Olúwa fi àlùjánnà kẹ́ ẹ, mú Mòrílíátù wọlé, o ti ń rìn tẹ̀tẹ̀. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ló dùn mí. Ẹwà a máa ṣá, mo lè dúró dè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ló dùn mí. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì. O ò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe tó. Bó bá wọ aṣọ funfun rẹ̀ kọjá lágbàálá láàárọ̀, àgbà ọkùnrin á dìde lórí àga: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ yìí." Ẹ! Wọ́n ń fi ẹ̀yin bá ìyàwó kékeré sọ̀rọ̀! Èmi tí mo jẹ́ ìyálé, ohun tí wọ́n ń wí fún mi ni, "Ìyá Kudi, bù mí lómi wá."

O sì mọ bí a ti ń jà nínú agbo ilé wa. A kì í bú orogún ní tààrà. Orin la máa ń kọ. Bí o bá bú u, ìwọ lo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí o bá kọrin, ẹni tó bá dáhùn ló jẹ̀bi, torí wọ́n á bi í pé, "Ta ló pe orúkọ ẹ?" Òfin tí a bá nílé nìyẹn. Ìyá ọkọ mi lò ó, ìyá tirẹ̀ náà lò ó. Èmi náà jókòó ti ọpọ́n aṣọ fífọ̀, mo kọ tèmi:

Abẹ́rẹ́ ń bẹ, oògùn ò sí,
Omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gúnni.
Aláìsàn, tètè yáa padà sílé o,
Ẹni tó wọṣọ funfun, ọwọ́ ẹ̀ ò funfun.

Ó dùn lẹ́nu, Kudi. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá wà. Orin tí kò bá dùn, ìwọ nìkan ni wàá kọ ọ́ kú. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sàlá ti ń gbè é. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ń kọ ọ́ nídìí kànga. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ní Ìdúmọ̀tà, orí mi sì wú. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Ọkùnrin kan wá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní kí ẹni tó ń fi omi gúnni má fọwọ́ kan ọmọ òun. Òmíràn tún sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹta, dókítà tó ni ibẹ̀ ní kí Mòrílíátù máa lọ sílé ná.

Mòrílíátù kò dáhùn orin. Ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Tinúbú.

Ìwé lọ́yà dé, mo ká a sábẹ́ ẹní. Mo ní ìwé tí a kò bá dáhùn, ta ni yóò sọ pé a rí i? Mo sùn lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà bí o bá ti fi tìrẹ sínú dúrọ́ọ̀, yọ ọ́ síta lónìí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í dúró de ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé kò mọ̀wé kà. Bí o bá dákẹ́, wọ́n á lọ sọ fún adájọ́ pé a bẹ̀ ẹ́, ó ṣagídí.

Nígbà tó yá, Bàbá Àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí pe gbogbo wa sí pálọ̀ rẹ̀. Lọ́yà náà wá fúnra rẹ̀. Kò ga, kò sì pariwo.

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọrin yẹn?"

Mo ní, "Mo kọrin. Ṣé ìjọba ti ní ká má kọrin mọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni?"

"Rárá o. Ta lẹ fi bú?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ó yíjú sí àwọn obìnrin ilé tó kún ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀yin ìyá mi, nígbà tí ẹ gbọ́ orin náà, ta lẹ rò pé wọ́n ń bá wí?"

Ìyá Sàlá, ọ̀rẹ́ mi, agberin mi, ló yanu: "Lọ́yà, nọ́ọ̀sì mélòó ló wà nínú ilé yìí ná?"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà pàápàá fi fìlà bojú. Lọ́yà kọ́ ló dá mi lẹ́bi, ẹ̀rín yẹn ni. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan sí i: "Ẹ rí i kó fi omi gún ẹnikẹ́ni?" Mo ní mi ò rí i. "Ta ló wá sọ fún yín?" Owú ló sọ fún mi, owú kò sì lè wá jẹ́rìí ní kóòtù.

Ohun tí ọkùnrin yẹn là yé mi lọ́jọ́ náà, mi ò gbàgbé rẹ̀ rí. Gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ti san owó rẹ̀.

Èkíní, àìdárúkọ kì í ṣe ààbò. Bí àwọn tó gbọ́ bá ti mọ ẹni tí ò ń bá wí, o ti dárúkọ. "Aránṣọ iwájú mọ́sálásí." Aránṣọ mélòó ló wà níwájú mọ́sálásí yín? Mo ti dé ibẹ̀. Ọ̀kan ni.

Èkejì, ọ̀rọ̀ kì í di irú ẹjọ́ yìí títí yóò fi wọ etí ẹnì kẹta. Ká ní o lọ bá Bùsọ́lá, tó ku ìwọ àti òun nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù, tí o sọ gbogbo ohun tí o sọ yẹn sí i lójú, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, màá sì gbá ọ létí bí mo bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ìwọ ṣa gbogbo obìnrin tó lè gbé aṣọ fún un jọ sójú kan, o wá sọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èébú yàtọ̀ sí ẹ̀sùn. Bí obìnrin méjì bá ń jà tí ọ̀kan ní "ojú ẹ bí ojú ọ̀bọ," adájọ́ kò ní dìde wá wo ojú ẹni. Gbogbo ayé mọ̀ pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Bí o bá sì sọ pé, "Aṣọ tó rán fún ọkọ mi kúrú, mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀," ìráhùn oníbàárà nìyẹn, ẹnu rẹ ni, aṣọ rẹ ni. Ṣùgbọ́n o ní olè ni. O sọ ohun tí ìjọba lè tìtorí rẹ̀ sọ èèyàn sẹ́wọ̀n, o sì sọ ọ́ sí ìdí iṣẹ́ tó ń fi jẹun. Lọ́yà yẹn ní bí o bá fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnì kan, wọn kì í béèrè púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ó dùn ún. Bí mo bá kọ ọ́ lórin pé Mòrílíátù kò mọ ọbẹ̀ sè, à bá ṣì máa rẹ́rìn-ín ẹ̀ dòní.

Lórí òtítọ́ ńkọ́? O lè ní òótọ́ lo sọ. Bó bá jẹ́ òótọ́, mú ẹ̀rí wá. Ta ló wọn aṣọ náà kí o tó gbé e lọ? Ta ló wọ̀n ọ́n nígbà tó dé? Mo ti ń ta bọ́tìnì fún aránṣọ láti ọdún tí mi ò lè kà mọ́. Mo mọ̀ pé agbádá ọkùnrin tó ga tó Nùrúdéènì máa ń jẹ aṣọ, yáàdì márùn-ún yẹn náà kò tó. Ìwọ lo ra aṣọ tó kéré. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, tìrẹ kò sì tíì lọ ju oṣù kan lọ.

Ẹ̀karùn-ún tàbí ẹ̀kẹfà, mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Tèmi sàn díẹ̀ ju tìrẹ lọ níbì kan. Nígbà tí mo dákẹ́, orin dákẹ́. Ohùn tìrẹ wà lọ́wọ́ gbogbo ìyàwó àdúgbò. Ẹni tó bá wù á tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, o tún bú u. Ẹni tó bá wù á tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, o tún bú u, ìwọ tí ò ń sùn.

Ṣùgbọ́n Kudi, èmi àti ìwọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ agbádá kọ́ nìyí. Nígbà tí mo wá kí yín lóṣù kejì, a jókòó sí fáráǹdà, Nùrúdéènì yà sí ṣọ́ọ̀bù Bùsọ́lá lọ́ọ̀ọ́kán, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. O ní, "Màmá, ẹ̀rín kí ni wọ́n ń rín gan-an?" Mo ní, "Ṣebí wọ́n jọ lọ sílé ìwé ni, gbé e kúrò lọ́kàn." O dìde, o lọ da iyọ̀ sí ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí n bá ọ jókòó lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kí n sọ fún ọ pé mo mọ bó ṣe ń jó èèyàn nínú àyà, pé ó ń jó èmi náà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ojú ló tì mí.

Owú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin. O lè jowú ní pálọ̀, o lè jowú nínú mọ́sálásí, kò sí lọ́yà tó lè kọ ìwé sí ọ. Ìgbà tí owú bá jáde lẹ́nu, tó wọ etí ẹlòmíràn, tó sì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ò ń jowú rẹ̀, ìgbà náà ló di ẹjọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Wàá fẹ́ mọ bí tèmi ṣe parí. Mòrílíátù kò gbé mi lọ sí kóòtù. Bàbá Àgbà bẹ̀ ẹ́, ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, inú ilé kan náà la ó sì jọ máa gbé. Mòrílíátù ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ibi tí orin náà bá dé ni kí Ìyá Kudi fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dé, kó fi ẹnu rẹ̀ sọ pé irọ́ ni. Mo rìn ín. Ọ̀sán gangan, ìyàwó Bàbá Àgbà tẹ̀lé mi kí n má baà yà. Mo dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo dé ilé àwọn aláìsàn. Arúgbó kan nítòsí Apọ́ngbọ̀n, tí Mòrílíátù máa ń gún lábẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, tẹ́tí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, "Ṣé ìwọ lo lorin yẹn? Ó dùn o. Mo rò pé wàá kọ orin wá bẹ̀ mí ni." Ó ní kí n padà síta, kí n tún un sọ sókè kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́, torí orin náà kò rọra wọlé. Mo tún un sọ. Mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, ò ń jẹ gúgúrú.

Dókítà kò gbà á padà. Ó ní òun ti gba ẹlòmíràn. Mo lè kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, mi ò lè dá iṣẹ́ tó ti lọ padà. Mòrílíátù kò wọ aṣọ funfun yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó gbé e fún mi lọ́dún kan pé kí n fi gé àkísà ìnulẹ̀. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Mi ò lè gé e. Ó wà nínú àpótí mi.

O ti bi í rí, nígbà tí o wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, pé báwo ló ṣe mọ ìtọ́jú tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí àìsàn mú ọ tí òun sì jókòó tì ọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní òun ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì díẹ̀ nígbà kan, ó wá rẹ òun. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó rẹ òun! Ọdún tó tó báyìí ló ti ní ohun tó lè fi gbà ọ́ lọ́wọ́ mi pátápátá, kò lò ó. O sì tún lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó sọ ọ́. Wò ó, ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ǹ bá rí ohun bínú sí.

Ní báyìí o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣe ohun tó bá wù ọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ Bùsọ́lá mọ́, ì báà jẹ́ rere. Sọ gbogbo rẹ̀ fún Nùrúdéènì lónìí, títí kan ti ẹ̀rín yẹn. Kó má jẹ́ lẹ́nu aránṣọ ni yóò ti gbọ́ ọ. Wá lọ́yà kan, kó bá ọ wo èsì tí wàá kọ sí wọn kó tó kúrò nílé; mo ti ṣírò ohun tíyẹn yóò ná ọ, mo sì ti ṣírò kóòtù: ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ tí wàá fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, adájọ́ tí kò jókòó lọ́jọ́ tí o wá. Owó lọ́yà ọ̀sán kan ló kéré jù. Lẹ́yìn náà, gúrúùpù tí o ti sọ ọ́ náà ni kí o padà sí, ohùn tí o fi sọ ọ́ náà ni kí o fi kó o jẹ. Má kọ ọ́, sọ ọ́. Má sì sọ pé "bí mo bá ṣẹ̀ yín." Kò sí "bí" níbẹ̀. Sọ pé: mo pè é lólè, mi ò rí i kó jalè, irọ́ ni mo pa. Kí o wá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí oníbàárà wà níbẹ̀.

Ohun tí Mòrílíátù ti sọ fún ọ nìyí, mo mọ̀. Ó ní kí o tọrọ àforíjì kí Sátidé tó pé. Láti ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo ti ń wá ìmọ̀ràn mìíràn tó yàtọ̀ sí tirẹ̀ fún ọ. Mo wá a lórí ibùsùn, mo wá a nídìí ọjà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí o bá wọn ṣe ẹjọ́ kí n kàn lè sọ ohun tí òun kò sọ. Mi ò rí òmíràn. Ohun tó sọ náà ló dára. Ṣe é, ṣùgbọ́n ṣe é nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Bí o bá fẹ́ kí ẹnì kan bá ọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù Bùsọ́lá, màá ti ìsọ̀ mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, màá sì wá. Mo mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹsẹ̀ mi ti rìn ín rí. Bó bá jẹ́ Mòrílíátù ni o fẹ́, sọ fún mi. Màá bínú, màá sì san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la, Ọjọ́rú. Mo ń retí èsì rẹ ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì. Kì í ṣe ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìgbà náà. Èmi sì ni kí o kọ́kọ́ pè, kí o tó pè é.

Èmi tí mo bí ọ,
Màmá rẹ.